Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Iṣẹ́ Tí A Rán Sórí Fóònù

Nínú ẹ̀kọ́ kọkànlá, a kọ́ bí a ṣe ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní tẹ́ẹ̀sì. Lónìí a fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni ó ń rán an? Ọ̀nà wo ni ó ń gbà? Kí ló dé tí òmíràn fi ń dé lẹ́ẹ̀mẹta, tí òmíràn kì í sì í dé rárá? Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń to irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń kọ́ ilé, yàrá lẹ́yìn yàrá. Ètò ìfitónilétí ni a ó máa pè é. Ìfitónilétí ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ kan tó ẹnìkan létí.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀gẹ́.

Ní abúlé kan ní ọ̀nà Ẹrúnmu, níbi tí kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tó ọgọ́sàn-án. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń ṣe gàrí. Lọ́rì kan ló máa ń wá kó o ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kí lọ́rì tó dé, olúkúlùkù yóò ti hú ti rẹ̀, yóò sì ti kó o sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu tí a lè kó sí àká. Bí ó bá ti kúrò nínú ilẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tí yóò fi owó gidi rà á mọ́.

Ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Òun ló ní kí ẹgbẹ́ yé rán ọlọ́kadà kiri láti abúlé dé abúlé, pé òun yóò kọ ètò kan tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ó kọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, inú gbogbo wa sì dùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́rì bàjẹ́. Awakọ̀ ní òun kò ní lè wá ní Ọjọ́bọ̀, àfi ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò náà, bí àwọn tó ń kánjú ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì: E ma hu ege ni Ojobo. Lori n bo ni Aje.

Ètò náà bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ kìíní nínú ìwé, ó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé nǹkan bí orúkọ ogójì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ètò dúró gbagidi. Akọ̀wé tún un tẹ̀. Ètò kò rántí ibi tí ó dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni kìíní, ó sì tún dúró. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni ogójì àkọ́kọ́ ṣe gba iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìwé kò sì gba nǹkankan.

Ní Ọjọ́bọ̀, òkìtì ẹ̀gẹ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà bí ìgbà tí lọ́rì ń bọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á. Ṣebí ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni mo ṣe?”

Mo kà á. Mo ní, “Ìyá, wọ́n ní ẹ má hú ẹ̀gẹ́ ni.”

Ó ní, “Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹ máa hú ẹ̀gẹ́ ni mo kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì rán an. Mo ní á jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó pọ̀ ni.”

N kò rí èsì fún un. Bí mo ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì ni ó kà á. Owó ìdánwò ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọkùnrin náà wá sí ilé mi. Ó kí mi, ó jókòó, kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.”

Mo ní, “Òótọ́ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ṣùgbọ́n bí akéde bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò dé àdúgbò kan, ṣé òkúta ni ọba yóò máa bá wí? Ṣé ọjọ́ kan wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í lọ níhìn-ín ni?”

Mo mú un lọ sí kíláàsì, mo sì fún un ní ẹfun. Mo ní kí ó ya gbogbo ibi tí iṣẹ́ náà ń kọjá sórí pátákó, láti ẹnu awakọ̀ títí dé ojú ìyá yẹn. Ohun tí a yà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni n ó sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn díẹ̀. Àwọn baba wa ní ètò ìfitónilétí tiwọn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn, ó lè di àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹfà ni mẹ́fà. Ẹni tó gbé àrokò lọ yóò padà wá, yóò sì jẹ́ kí ẹni tó rán an mọ̀ pé òun bá onítọ̀hún nílé. Nígbà tí wọ́n wá gbé Rediffusion dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, àpótí kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wáyà so mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí orúkọ tí a sọ ọ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bí o bá wà nílé, o gbọ́. Bí o kò bá sí nílé, ìyẹn kò kàn án.

Mo sọ fún ọmọ náà pé, “Asọ̀rọ̀mágbèsì lo kọ́. Ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ èyí tó ń gba èsì.”

Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ni? Rárá. Ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Neil Papworth ló tẹ̀ ẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà sí fóònù Richard Jarvis, ìkíni ọdún Kérésìmesì ni ó sì kọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti to ètò náà lọ́nà tí ó fi mọ̀ pé fóònù lè wà ní pípa. Iṣẹ́ tí ẹ bá rán kì í fò tààrà lọ sórí fóònù ẹlòmíràn. Ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e pamọ́. Bí fóònù ẹni náà bá wà ní títàn, wọ́n á fi jíṣẹ́. Bí kò bá sí, wọ́n á dúró dè é, wọ́n á tún un gbìyànjú, títí àkókò tí wọ́n fún un yóò fi pé. Bí ẹni tó rán an bá sì béèrè èsì, ilé iṣẹ́ náà lè sọ fún un pé ó dé tàbí kò dé. Ètò ọmọ náà kò béèrè. Ìyẹn ni àléébù àkọ́kọ́.

Ó ya àwòrán kejì. Níbi tí ètò kan ṣoṣo ti ń ṣe gbogbo nǹkan tẹ́lẹ̀, ó pín in sí òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n o, ètò kéékèèké nínú kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rò wọ́n bí ènìyàn.

Ẹni àkọ́kọ́ ni agbaṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kò ní láti jókòó ti kọ̀ǹpútà mọ́, kí ó máa wò ó bóyá ó ń lọ. Ó kàn fi ọ̀rọ̀ lé agbaṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí agbaṣẹ́ tó ṣe ohunkóhun, yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, yóò fún un ní nọ́ńbà, yóò sì tò ó sórí ìlà, bí a ṣe ń to kẹ́ẹ̀gì sí ìdí ẹ̀rọ omi. Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà kú, ìwé kò parẹ́. Nígbà tí iná bá dé, ìlà wà níbi tí ó wà. Mo gbà pé apá yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀nà tí a fi lè tún ohun tí a kò kọ sílẹ̀ ṣe.

Ẹnì kejì ni apínṣẹ́. Òun ló ń ṣí ìwé orúkọ. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn? Ẹni tó ń gbin kòkó nìkan kò ní ohun tí yóò fi ìròyìn lọ́rì ẹ̀gẹ́ ṣe. Ṣé ẹni yìí lè kàwé, tàbí kí a pè é kí ó gbọ́ ohùn? Aago mélòó ló fẹ́ kí a pe òun? Apínṣẹ́ yóò kọ ìwé kékeré kan fún olúkúlùkù, ọgọ́sàn-án ìwé fún ọgọ́sàn-án ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àyè tirẹ̀ fún èsì. Ní báyìí, bí iṣẹ́ ẹni ogójì bá kùnà, kò kan ẹni kọkànlélógójì.

Ibí yìí ni mo ti rántí ohun kan. Ní ọdún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pín ajílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ yóò gba iṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, yóò mú fóònù náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ajílẹ̀, yóò sì san ìdajì owó lórí báàgì méjì. Tẹ́lẹ̀, àwọn alágbàtà ló ń gbé ajílẹ̀ ìjọba gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Ètò yìí gé wọn kúrò láàárín, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ló wá di orúkọ àgbẹ̀. Bí nọ́ńbà tí bàbá kan fi sílẹ̀ bá jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó, Èkó ni iṣẹ́ ń lọ, inú oko ni bàbá wà. Nítorí náà, kí ọmọ wa tó tún ètò rẹ̀ kọ, mo ní kí ó kọ́kọ́ gbé ìwé orúkọ yẹn káàkiri. A bá nọ́ńbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. A bá ti ẹni tó ti kú. A bá ọkọ àti ìyàwó mẹ́rin tó ń lo fóònù kan, tí fóònù náà sì ń bá ọkọ lọ sí oko láàárọ̀. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè wo ìwé orúkọ tó ti bàjẹ́ sàn.

Ẹnì kẹta ni ajíṣẹ́, wọn kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ń gbé àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀kan ń pe fóònù, ó ń fi ohùn akọ̀wé tí a ti gbà sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń gbé WhatsApp fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, tí ọ̀nà ẹnìkan bá dí, kò dí ti ẹlòmíràn. (Àwọn fóònù olówó ńlá ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Apple bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, Google ní 2010: fóònù ń fi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gbogbo áàpù sì ń gba ibẹ̀ wọlé, kí bátìrì má bàa tán. Ó ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà a fi sílẹ̀.)

Bí ajíṣẹ́ bá kan ilẹ̀kùn tí kò sí ìdáhùn, kí ni kí ó ṣe? Ọmọ náà ní kí ó máa kàn án lọ láìdúró. Mo ní rárá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gbìyànjú àtidìde, tí ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ sì dìde lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tún ṣubú. Ó wá kọ ọ́ báyìí: dúró fún ìṣẹ́jú kan, kàn án. Dúró fún méjì. Dúró fún mẹ́rin. Dúró fún mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ìlọ́po méjì sún un síwájú. Ṣùgbọ́n kò ní ṣe é títí láé. Iṣẹ́ tó ní kí a má hú ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ kò ní ìtumọ̀ bí ó bá dé ní ọjọ́ Ẹtì. Nítorí náà a kọ àkókò ìparí sára gbogbo iṣẹ́.

Ẹnì kẹrin ni olùṣírò èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo WhatsApp ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ránṣẹ́, àmì kan á yọ: ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Àmì méjì: ó ti dé orí fóònù ẹni náà. Bí méjèèjì bá di búlúù: ó ti ṣí i. Ẹ kíyè sí i pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá rí àmì kan tó sì sọ pé “mo ti sọ fún un,” kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùṣírò ń kọ èyí sí àyè olúkúlùkù. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, yóò yọ orúkọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò kó wọn sínú àpótí kan, yóò sì tẹ wọ́n sórí fóònù akọ̀wé. Ìgbà náà ni ọlọ́kadà yóò tó gbéra. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ kí ọlọ́kadà wà nínú àwòrán rẹ̀. Ó ní ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó yà á, kí ó yà á sí ìparí.

Ohun kan tún wà tó le, ẹ fara balẹ̀ kà á. Èsì náà lè sọnù lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ti dé, ìyá ti kà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé “ó ti dé” kò padà wá. Ajíṣẹ́ kò ní mọ̀. Bí ó bá tún un rán, ìyá yóò gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá tún un rán, tí kò sì dé ní tòótọ́, ẹ̀gẹ́ yóò jẹrà. Èwo ni kí á yàn? A yàn pé kí ó dé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n a fi nọ́ńbà iṣẹ́ sí iwájú rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè rí i: Iṣẹ́ 27. Bí ìyá bá rí Iṣẹ́ 27 lẹ́ẹ̀mejì, yóò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí ó pọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí “E ma hu ege,” nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin gan-an.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Friedhelm Hillebrand, ará Jámánì, wà lára àwọn tó fi iye yẹn lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1985. Ó tẹ gbólóhùn kéékèèké sórí bébà, ó ń kà wọ́n, ó sì rí i pé 160 tó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ará Yúróòpù bíi mélòó kan ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n náà. Bí ẹ bá fi ẹyọ ẹ kan tó ní àmì nísàlẹ̀ sínú iṣẹ́ yín, fóònù yóò yí gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, àyè yóò sì dín kù láti 160 sí 70. Bí ẹ bá tún fi àmì ohùn sórí ẹ yẹn, bí èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́, lẹ́tà méjì ni yóò kà á sí. Bí iṣẹ́ bá kọjá 70, ó di iṣẹ́ méjì, owó méjì. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé kò fi kọ àmì. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Owó ẹgbẹ́ ló ń ṣọ́.

Ọmọ náà ní kí á wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣini lọ́nà bí kò tilẹ̀ ní àmì. A gbìyànjú. Ó kọ: E fi ege sile ninu oko. Mo fi han ìyá náà. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nínú oko àbí nínú ọkọ̀? Lọ́rì tí kò wá, inú rẹ̀ ni kí n fi í sílẹ̀ sí?” Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, a gbà pé ẹgbẹ́ yóò sanwó àmì, ọ̀rọ̀ ni kí á gé kúrú. Ohun tí a fi lélẹ̀ nìyí: Iṣẹ́ 27. Ẹ má hú ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́rì ń bọ̀ ní Ajé. Ẹ kà á. Kò tó 70. Àmì tí mo ń fi ẹfun kọ sórí pátákó fún yín lálaalẹ́, tí àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ tísà ni, ìyàtọ̀ tó wà láàárín má àti máa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ nípa ìkánjú náà wà. Nínú ètò àkọ́kọ́, ìlà kan ló wà fún gbogbo nǹkan: lọ́rì, owó oṣù, ìkíni ọjọ́ ìbí, ìpàdé. Bí ìkíni bá ṣáájú, ọ̀rọ̀ lọ́rì yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀. A pín in sí ìlà méjì. Ìlà kánjúkánjú wà fún ohun tí ẹnìkan yóò pàdánù owó tàbí ẹ̀mí lé lórí. Ìlà kejì wà fún ìyókù, kò sì gbọdọ̀ dún láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. A tún fi òfin sí i pé ìlà kejì kò gbọdọ̀ rán ju iṣẹ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Àwọn kan bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe sí fóònù tó ń dún láìsinmi: a kì í wò ó mọ́. Àwọn tó ń polówó ọjà ti bá wa ṣe é dé ibi pé ní ọdún 2016, àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442 kò gbọdọ̀ gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ lè ṣe é lálẹ́ òní.

Bí iṣẹ́ tí a rán bá sì jẹ́ àṣìṣe ńkọ́? Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2018, ní erékùṣù Hawaii tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣọ́ ewu fi iṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ará ìlú pé ohun ìjà olóró kan ń bọ̀ láti òkè, pé kí wọ́n sá pamọ́. Kò sí nǹkankan tó ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ló ṣe àṣìṣe. Ìṣẹ́jú 38 ló kọjá kí iṣẹ́ mìíràn tó dé orí fóònù pé irọ́ ni. Wọ́n ti kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ ewu, ṣùgbọ́n wọn kò to ọ̀nà tí wọn yóò fi fà á padà. Ìyá kan tó ti kó ọmọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ bí ìṣẹ́jú 38 ṣe gùn tó. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ wa, ó fi bọ́tìnì kan kún ètò rẹ̀: Ẹ pa Iṣẹ́ 27 rẹ́. Kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ kánjúkánjú kankan jáde àfi bí akọ̀wé àti akápò bá jọ fọwọ́ sí i.

Nípa àwọn oníjìbìtì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ tó jọ ti báńkì. Bí oníbàárà bá fi álẹ́ẹ̀tì hàn yín pé òun ti sanwó, ẹ má gbé ọjà lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó wo iye owó tó wà nínú àpò yín ní báńkì fúnra yín. Ẹgbẹ́ náà fi òfin lélẹ̀ pé àwọn kò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè owó tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láé. Iṣẹ́ tó bá béèrè rẹ̀, kì í ṣe tiwọn.

Lọ́rì tún bàjẹ́ ní oṣù kẹsàn-án. Òjò ti rọ̀ láti òru, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orúkọ mọ́kànlá ló kù nínú àpótí. Ọlọ́kadà gbéra. Ó bá mẹ́wàá nílé. Ẹnì kọkànlá ti lọ sùn sí oko, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà oko náà lálẹ́. Ó hú tirẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwọn aládùúgbò bá a fi díẹ̀ ṣe láfún, ìyókù bàjẹ́. Ọmọ wa ti wá fi ìlà kan kún ìwé orúkọ báyìí: “Bí n kò bá sí nílé, ta ni kí wọ́n sọ fún?”

Iṣẹ́ ilé. Ẹ mú ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ fún bí ẹ kò bá sí nílé, àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà náà wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iṣẹ́ kan sí ẹgbẹ́ yín tàbí sí àwọn ará ilé yín nípa ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la. Ẹ fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, kí ó má sì ju lẹ́tà 70 lọ. Ẹ fi fún ẹni tó jókòó tì yín kí ó kà á sókè. Bí ó bá ka ohun mìíràn, ẹ má bá a jà. Ẹ tún un kọ.